Odò tí mo fi ẹsẹ̀ kan rékọjá

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá, 2025

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣe mọ́jú. Bí mo ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni fóònù dún. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Plauen ni. Ó ní òun ti wà lójú ọ̀nà, kí n má tíì sùn, pé ọlidé ni lónìí. Mo ní ọlidé ta ni? Ní Hof níbí, ní ìpínlẹ̀ Bavaria nílẹ̀ Jámánì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ṣí. Ní ìpínlẹ̀ Saxony tirẹ̀ àti ní Thuringia, òní ni wọ́n fi ń rántí Martin Luther, àlùfáà tó ta ko Ìjọ Kátólíìkì, àti ìwé tí wọ́n ní ó kàn mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní 1517. Tiwa di ọ̀la, ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, ọ̀la sì bọ́ sí Sátidé. Irú ọlidé wo nìyẹn? Inú bí mi díẹ̀, mo sì wọ bàtà mi padà.

Mödlareuth la lọ, kò tó ìdajì wákàtí. Abúlé lásán ni téèyàn bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀: adágún omi kékeré kan, ilé mélòó kan, pápá oko lọ súà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé 60. Bí wọ́n bá pe gbogbo wọn síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbàdàn, àga á ṣẹ́kù.

Tannbach lorúkọ odò tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọ̀wọ̀ ni mo fi pè é ní odò o. Gọ́tà àdúgbò wa ní Mushin fẹ̀ jù ú lọ. Láti ọdún 1810 ni òkúta ààlà ti wà létí ẹ̀: apá kan jẹ́ ti ọba Bavaria, apá kejì, tó di Thuringia lẹ́yìn náà, jẹ́ ti ìjòyè Reuss. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni ààlà yẹn wà. Ilé ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, apá Thuringia ló wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mutí. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wọn á kọrí sí Töpen, lápá Bavaria, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ogun Àgbáyé Kejì ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà mú apá kan, àwọn ará Rọ́ṣíà mú ìkejì, nígbà tó fi máa di 1949, odò tí ewúrẹ́ lè fò ti di ààlà orílẹ̀-èdè méjì: Jámánì Ìwọ̀-oòrùn lápá Bavaria, Jámánì Ìlà-oòrùn lápá Thuringia.

Ní 1952 wọ́n fi pákó sọgbà sí i. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Ìlà-oòrùn kó àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ sí kúrò nílé wọn lẹ́bàá ààlà. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà? Kòkòrò. Ọmọ ìlú yín lẹ pè bẹ́ẹ̀. Ògiri kọnkéré wá dé ní 1966, ó gùn ní 700 mítà, ó sì ga ju mítà 3 lọ. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń pe abúlé náà ní Berlin Kékeré, torí ògiri pín Berlin náà sí méjì. George Bush tìkára rẹ̀ wá wò ó ní 1983, nígbà tó ṣì jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà. Ẹnì kan wà tó wa ọkọ̀ dé ìdí ògiri náà ní 1973, ó gbé àkàsọ̀ lé e, ó gorí ẹ̀, ó bọ́ sódì kejì. Orí ẹ̀ gbè é.

Ògiri kọ́ ló dùn mí jù. Òfin kan wà pé ará Ìlà-oòrùn kò gbọdọ̀ kí ará Ìwọ̀-oòrùn. Kò tiẹ̀ gbọdọ̀ juwọ́. Ẹni tó wà ní Bavaria lè dúró sórí òkè kó máa juwọ́ sí àbúrò rẹ̀ títí apá á fi máa ro ó. Àbúrò á wò ó, á gbójú kúrò. Nílé bàbá mi, ẹni tá a kí tí kò dáhùn, ìjà ti dé nìyẹn. Gbogbo ilé á máa bira pé kí la ṣe fún un. Mo dúró níwájú nǹkan bí 100 mítà tí wọ́n fi sílẹ̀ lára ògiri náà, mo ń rò ó: gbogbo ẹ kú ewu ọmọ, gbogbo ẹ kú ọ̀fọ̀, gbogbo ẹ kú ọdún. Kò sí ọ̀kan tó rí èsì gbà.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ lọ̀rẹ́ mi, kò yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé Ìlárá, ìlú tó wà lójú ààlà Nàìjíríà àti Benin, ni? Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní 1889, wọ́n fa ìlà, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìlà sì gba Ìlárá kọjá. Mo ní kò sẹ́ni tó ní káwọn yẹn má kíra wọn ṣá. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti wó tibí. Mi ò rí nǹkan sọ sí i.

Lóòótọ́ ni wọ́n wó o. 9 Oṣù Kejìlá 1989 ni wọ́n ṣí ọ̀nà. 17 Oṣù Kẹfà 1990 ni katapílà dé sídìí ògiri. Síbẹ̀, méyọ̀ méjì ni abúlé yìí ní títí dòní, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ méjì, ọlidé méjì.

A pàdé màmá àgbàlagbà kan lápá Thuringia, wọ́n mú ọ̀pá dání. Mo kí wọn bí a ṣe ń kíra ní Hof: "Grüß Gott." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Guten Tag", ìkíni apá tiwọn, bí ẹni ń tún ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣe. Àsìkò yẹn gan-an ni ayùn ẹlẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lódì kejì odò. Bàbá kan ló ń la igi ìdáná. Màmá náà mi orí. Wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi nìyí, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni máa pariwo. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Màmá, lọ́dọ̀ tiwọn, òní kì í ṣe ọlidé." Wọ́n ní àwọn mọ̀, ọdọọdún ló ń ṣe é. Ni wọ́n bá gbé ọ̀pá sókè, wọ́n fì í sí bàbá yẹn láti kí i. Bàbá náà juwọ́ padà, ó sì ń la igi ẹ̀ lọ.