Honda 600: fáànù rédíétọ̀ tí kò yí

Jímọ́ọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá alùpùpù Honda CBR600 tòkunbọ̀ yìí bọ̀ láti ìgbà tó ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù, ó ti ń rìn o. Ooru ló kù. Bí mo bá gbé e gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ sí Ọ̀yọ́, ọwọ́ gèéjì ooru á jókòó sí àárín, kò ní mira. Ṣùgbọ́n kí n ṣáà bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Iwo Road, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ gèéjì á fi máa gun òkè, tí ooru ẹ́ńjìnnì á sì máa jó mi nítan. Fáànù ẹ̀yìn rédíétọ̀ kò yí rárá.

Máṣíìnì tó bá jẹ́ pé orí ìdúró nìkan ló ti ń gbóná, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí bí táyà ò bá yí, kò sí ohun mìíràn tó ń fa atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀. Èyí tó bá ń gbóná lórí eré náà, ẹ wo omi, ẹ wo tẹmọsítáàtì, ẹ wo pọ́ǹpù omi. (Ẹ̀yin oní-Bajaj Boxer, atẹ́gùn lásán ló ń tu ẹ́ńjìnnì tiyín. Ẹ dúpẹ́.)

Riwáyà àdúgbò wa ti dá a lójú tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fà á dáírẹ́ẹ̀tì, n ó gbé bọ́tìnnì síwájú fún yín, ẹ̀yin ni ẹ ó máa tàn án." Mo ní, "Àbúrò, ọjọ́ tí mo bá gbàgbé láti tàn án ńkọ́?" Ẹ́ńjìnnì á jinná. Ọjọ́ tí mo bá sì gbàgbé láti pa á, bátìrì á kú. Kì í ṣe pé ó burú fún ẹni tó fẹ́ délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ àtúnṣe kọ́ nìyẹn.

Sátidé, kí oòrùn tó mú

Ẹ́ńjìnnì tutù. Mo yọ fíúùsì fáànù, mo fi mítà tí àwọn riwáyà ń lò wò ó: ó pé. Mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù, mo fa wáyà méjì láti orí bátìrì wá sí i. Ó yí, ó da eruku ọdún gbọọrọ sí mi lójú. Fáànù ò kú nìyẹn.

Èyí tó kàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Lórí ọ̀pọ̀ Honda ayé ìgbà tí wọ́n ṣe èyí, bí ẹ bá ti tan kọ́kọ́rọ́, iná ti dé ara fáànù. Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná fi ń padà sí bátìrì, ló ń dúró dè. Súwíìsì kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ara rédíétọ̀ ló máa ń fún un ní ẹ́ẹ̀tì nígbà tí omi bá gbóná tó. Mo yọ wáyà tó ti ara fáànù wá sórí súwíìsì, mo so ó mọ́ férémù níbi tí ọ̀dà ti ṣí, mo tan kọ́kọ́rọ́. Fáànù gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fíúùsì, wáyà, fáànù, gbogbo wọn bọ́ lọ́rùn ẹ̀sùn. Ó ku súwíìsì, àbí kó jẹ́ pé omi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ẹ má ṣí i ní gbígbóná láé! Ìdérí yẹn ló ń há omi mọ́ kó lè kọjá 100°C láìhó. Bí ẹ bá ṣí i nígbà náà, ojú yín ló máa bá. Omi kún dé ọrùn, àmọ́ ó pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì: omi ẹ̀rọ lásán ni ẹnì kan ń rọ sí i, ìpẹtà sì ti kún inú rẹ̀.

Sátidé, ọ̀sán

Mo da omi nù, mo tú súwíìsì. Ìpẹtà ti bo orí idẹ rẹ̀. Ohun tí Honda kọ sínú ìwé àtúnṣe wọn ni pé kó tan láàrin 98 sí 102°C, kó sì pa láàrin 93 sí 97. Àwọn tó máa ń jù ú sínú omi híhó, ẹ gbọ́: nínú ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀, omi lásán kì í kọjá 100, n'Ìbàdàn níbí tó ga ju òkun lọ, kò tilẹ̀ ní pé 100. Súwíìsì tó dára lè wà níbẹ̀ títí kó máà tan, kí ẹ sì sọ ọ́ nù lásán. Kóòlántì (èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀) àti omi, ìlàjì-ìlàjì, ni kí ẹ lò. Ìyẹn máa ń kọjá 100 dáadáa kó tó hó.

Mi ò lo ìkòkò ìyàwó mi. Májèlé ni kóòlántì, adùn ló sì ní lẹ́nu, torí náà ajá, ewúrẹ́ àti ọmọdé ni kí ẹ ṣọ́. Agolo mílíìkì ńlá ni mo gbé ka sítóòfù lẹ́yìnkùlé. Mo fi wáyà gbé súwíìsì kọ́ kí orí idẹ nìkan wọ inú omi láìkan ìdí agolo, mo ki tẹ̀mómítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo so mítà mọ́ súwíìsì, mo yí i sí ibi tó ti ń ké bí súwíìsì bá tan. 95. 98. Mítà dákẹ́. 102, ó dákẹ́. 104, kò ké. Mo fá ìpẹtà orí idẹ náà kúrò, mo tún un ṣe, ibi pẹlẹbẹ náà ni. Ó ti kú.

Ọjọ́ Ajé, ọjà páàtì ní Gate

Ọlọ́jà kọ́kọ́ gbé ti mọ́tò fún mi. "Ọ̀gá mi, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Wọ́n jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n 92-87 ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ (kó tan ní 92, kó pa ní 87), nínú ooru ìlú yìí, fáànù á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sinmi. A wá títí a fi rí ọ̀kan lára Honda kan tí wọ́n ti tú palẹ̀. Ó gbà pé kí n dá a padà bí kò bá ké.

Ó ké! Ní nǹkan bíi 99 nínú agolo yẹn, mítà figbe ta. Mo pa sítóòfù, omi ń tutù bọ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó dé 95, ó dákẹ́. Mo tún gbé e kaná kí n ṣáà tún gbọ́ ọ.

Wáṣà tuntun ni mo fi dè é padà. Mi ò we téèpù plọ́ńbà mọ́ ọn: àwọn súwíìsì kan wà tó jẹ́ wáyà kan péré ni wọ́n ní, ara rédíétọ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹ́ẹ̀tì, téèpù sì lè dí i lọ́wọ́. Mi ò fún un pa náà, alumíníọ̀mù rédíétọ̀ ò lágbára. Kóòlántì tuntun wọlé, mo tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, mo ń gbé máṣíìnì sọ́tùn-ún sósì títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi hó jáde tán, mo sì dé e.

Lórí ìdúró, ọwọ́ gèéjì gòkè, fáànù gbéra fúnra rẹ̀, ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀, fáànù dákẹ́. Mo ya ìwé ìròyìn pélébé kan, mo gbé e síwájú rédíétọ̀ nígbà tó tún ń yí: ó fà á mọ́ra. Bó bá jẹ́ pé ó ń fẹ́ ẹ dànù ni, a jẹ́ pé ẹnì kan ti gbé wáyà rẹ̀ kọjá ara wọn.

Búréèkì ẹ̀yìn tó ń han ló kàn.