Ère Orí-Ilé: ọrùn ti gbà láti dúró

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ṣíbí bíríkìlà sílẹ̀ ni, sìmẹ́ǹtì ṣì wà ní èékánná mi. Inú mi dùn gan-an: ọrùn ère yìí dúró lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀ mọ̀ ọ́n: ọkùnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀, tó jẹ́ pé ilé Ìbàdàn onípáànù tó ti dógùn-ún ló wà níbi tó yẹ kí orí rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀, ìbàdí àti àyà ti parí. Mo ti gé fèrèsé ilé náà.

Ọrùn ló ń dà mí láàmú. Mo fẹ́ kí orí náà tóbi bí àwọn agbẹ́gilére wa ṣe máa ń ṣe é, kó kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ère. Ti èèyàn ẹlẹ́ran-ara ò ju ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Nínú igi, kò le rárá, torí ìtì kan náà ni orí, ọrùn àti ara. Sìmẹ́ǹtì yàtọ̀. Tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó máa gbé e. Tí nǹkan bá fà á, ó máa là. Ilé náà tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn ló wá ń jẹ ìyà rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yọ láti èjìká kan dé èkejì, mo bá dí i, á tún là. Ọyẹ́ náà ò ràn mí lọ́wọ́: á ti fa omi inú sìmẹ́ǹtì gbẹ kó tó le.

Wẹ́dà tí mo gbé e lọ bá ní Agodi Gate kàn fọwọ́ mi orí ère náà ni. "Ẹ̀gbọ́n, irin inú rẹ̀ ló ń mì, sìmẹ́ǹtì yín ò ṣe nǹkan kan." Ó jó rọ́ọ̀dù oní-mílímítà 12 méjì mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, ó fà wọ́n wọ inú àyà, ó fi òmíràn dábùú wọn. Mo wé nẹ́ẹ̀tì ilé adìẹ lé e, mo po sìmẹ́ǹtì kan sí iyanrìn mẹ́ta, omi ò pọ̀, mo sì fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó.

Iyanrìn ńkọ́? Ẹ fi pa àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tó sanwó. Tó bá kun ọwọ́ yín, amọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àwọn kan ní kí n lo fáíbà dípò sìmẹ́ǹtì, torí ó fúyẹ́. Mi ò gbà. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó máa fi sìmẹ́ǹtì ṣe ère ní Òṣogbo, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ohun tí a fi ń kọ́lé gan-an ni mo fẹ́ kí ọkùnrin yìí rù.

Ìlànà mi ti yí padà o. Orí itan ni ọwọ́ méjèèjì ì bá wà. Àmọ́ bí mo ṣe fi igi ti etí òrùlé, ó hàn sí mi pé ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀: orí tó kúnlẹ̀ yàn lọ́dọ̀ Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí ní ọ̀run, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e ró kó má bàa wó. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo ọwọ́ méjèèjì. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti yí i sí ẹyọ kan; èkejì á ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè lórí itan, bíi ti ẹni tó ṣì ń retí nǹkan.

Igi náà ò ní kúrò lábẹ́ rẹ̀ títí ọjọ́ 28 tí sìmẹ́ǹtì fi ń gba agbára á fi pé. Páànù àlòkù tó dógùn-ún dáadáa ni mo ń wá báyìí. Ẹni tó bá ń tún òrùlé ṣe ní Bẹẹrẹ tàbí Òjé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á nù, mo ń bọ̀ wá rà á.