Ẹ Wo Ẹ̀yìn Kí Ẹ Tó Tẹ Kámẹ́rà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò, kámẹ́rà tí ẹ máa rà ni ẹ sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Fóònù ọwọ́ yín tó fi kọ́ bí a ṣe ń to àwòrán.

Iṣẹ́ òde àríyá ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ojú máa ń tan ẹni. Bí ìyàwó bá ti yọ, tí gèlè ń dán, òun nìkan là ń rí. Kámẹ́rà ò dá ìyàwó mọ̀ ní tirẹ̀. Gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló máa gbé: irin kánópì tó dà bíi pé ó hù lórí ìyá ọkọ, kúlà omi, ọmọ tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín lẹ́yìn. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo máa ń fi ojú yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Bí mo bá sún díẹ̀ sí òsì, irin náà sábà máa ń kúrò lórí ẹni. Bí kò bá kúrò, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síbí."

Ẹ wá àwọn fọ́tò irun tí J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968 wò. Ẹ̀yìn orí lẹ máa rí nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sì sí ohunkóhun níbẹ̀ tó lè fa ojú yín kúrò lára irun.

Àwọn ìlà tó ń pín ojú fóònù sí mẹ́ta-mẹ́ta wúlò, àmọ́ àwọn kan ti sọ ọ́ di èèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wà láàárín. N kò gbà. Bàbá tó gbé ọwọ́ lé orúnkún, tó kọjú sí yín gangan, àárín ló tọ́ sí i. Ẹni tó ń wo ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ sún, kí àyè wà níwájú ojú rẹ̀. Ẹ má gé orí gèlè o, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ má sì gé èèyàn ní orúnkún tàbí ọrùn ọwọ́; àárín itan sàn jù.

Ti ìdọ̀bálẹ̀ níbi ìdána ló le jù. Ẹni tó bá dúró yà á, fìlà àti ẹ̀yìn agbádá ló máa kó lọ sílé. Bí alága ìdúró bá ti ń mú ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ̀, ẹ ti lọ wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àwọn àna, níbi tí ẹ ò ti ní dí wọn lójú. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ gbé lẹ́ǹsì sílẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ tó nà gbalaja á di ìlà kan tó ń darí ojú lọ sọ́dọ̀ ọkọ. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló fà á tí èmi kì í fi wọ ṣòkòtò funfun lọ síbi iṣẹ́.