Sọ Ọ́ Fún Un Kí Ẹ Tó Pàdé

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, ó ṣì ń dùn mí bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ní ọ́tísíìmù (kí ọpọlọ ẹni máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn) bíi tèmi, tẹ́ ẹ ń wá olólùfẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàjèjì sí yín.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó wu ni sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. (Mi ò bú u o. Òun ló kọ́ mi pé bí mo bá pe èèyàn jáde lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbà, kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀.) Ó ní kí n máa wojú onítọ̀hún, kí n béèrè ọ̀rọ̀, kí n rẹ́rìn-ín, kí n tún béèrè òmíràn.

Ọjọ́ tí èmi àti ẹni tó wù mí pàdé, iná ibẹ̀ ń gún mi lójú, orin ń dún lákọlákọ. Mò ń ka òǹkà sínú: ení, èjì, ẹ̀ta, mo gbójú kúrò, ení, èjì, ẹ̀ta, mo tún wò ó. Mo bi í léèrè àwọn òbí rẹ̀. Ó ní oṣù tó kọjá ni bàbá òun kú. Òǹkà ni mò ń kà, mi ò gbọ́. Ẹ̀rín ló kàn nínú ohun tí mo há sórí, mo bá rẹ́rìn-ín. Mo ní irú orin wo ló fẹ́ràn?

Ó wò mí títí. Ó ní, “O ò tiẹ̀ gbọ́ mi.” Ó mú báàgì rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi ò là. Ó lọ. Àga rẹ̀ ni mò ń wò títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì mo kọ àlàyé ránṣẹ́ sí i, ó fèsì.

Ẹ̀kọ́ kìíní: sọ ọ́ kí ẹ tó pàdé. “Mo ní ọ́tísíìmù. Bí mi ò bá wojú rẹ, ìgbà yẹn gan-an ni mò ń gbọ́ ọ.” Gbólóhùn méjì péré.

Èkejì: ẹ yan ibi tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ariwo ń dà ọ́ láàmú bí o ò bá sọ?

Ẹ̀kẹta: lọ́dún 2012, Damian Milton, onímọ̀ tóun náà ní ọ́tísíìmù, kọ ọ́ pé àìgbọ́ra-ẹni-yé àárín àwa àti àwọn tí kò ní i, ọ̀dọ̀ àwa méjèèjì ló ti ń wá. Kí ló wá dé tó jẹ́ àwa nìkan là ń lọ kẹ́kọ̀ọ́? Àwọn náà lè kọ́ tiwa, bí a bá sọ fún wọn.

Àwọn kan á ní bí mo bá tètè sọ ọ́, ẹni náà á sá. Ẹnì kan ti sá lóòótọ́. Ó dùn mí, kò tó ti ẹ̀rín tí mo rín yẹn.

Èmi àti ẹni tó fèsì yẹn máa ríra lọ́jọ́ Sátidé. Òun ló ní ká kúkú máa rìn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó kọjú sẹ́nì kejì. Ó ní òun á tún sọ̀rọ̀ bàbá òun fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.