Nọ́ńbà 4,294,967,297 lórí tábìlì mi ní Kubwa

Sátidé, Kubwa, Àbújá.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo fi gbogbo òwúrọ̀ òní yẹ̀ wò, 4,294,967,297. Bí a bá kọ 2 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ ara wọn, tí a sì fi 1 kún èsì rẹ̀, òun ni a ó bá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹjọ tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlógún ni a kọ 2 yẹn, 3, 5, 17, 257 àti 65,537 ni a ó rí, kò sì sí nọ́ńbà tó lè pín ìkankan nínú wọn dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀; irú wọn ni à ń pè ní nọ́ńbà aláìṣeépín. Pierre de Fermat, ará Faransé, gbà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyókù yóò máa rí bí iye 2 náà bá ń di ìlọ́po méjì lọ. Ní 1732, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, fi hàn ní St. Petersburg pé 641 pín ẹ̀kẹfà yìí dọ́gba, 6,700,417 ló sì bọ́ síbẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí ni pé Euler kò nílò láti máa pín in káàkiri. Ó fi ẹ̀rí hàn pé nọ́ńbà aláìṣeépín yòówù tó bá lè pín in gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 kù bí a bá fi 64 pín òun náà. Nípa bẹ́ẹ̀, 193, 257, 449 àti 577 nìkan ló ṣáájú 641 nínú àwọn tó yẹ ká dán wò.

Iná ti lọ, pẹ́ńsù àti ìwé ni mo sì fi ṣe ìyókù. 641 jẹ́ 5 × 128 + 1, ó sì tún jẹ́ 625 + 16. Nítorí pé 640 fi 1 dín sí 641, bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí a fi 641 pín èsì rẹ̀, 1 ni yóò ṣẹ́kù. Inú èsì náà ni 625 wà pẹ̀lú 2 méjìdínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n 625 fi 16 dín sí 641, nítorí náà −16 lè gba ipò rẹ̀. 2 mẹ́rin ló sì wà nínú 16, èyí tó sọ méjìdínlọ́gbọ̀n yẹn di méjìlélọ́gbọ̀n gééré. Bí èsì 2 méjìlélọ́gbọ̀n yẹn, tí àmì − wà níwájú rẹ̀, bá ṣẹ́ 1 kù, a jẹ́ pé tí a bá fi 1 kún èsì náà láìsí àmì yẹn, kò ní sí àṣẹ́kù kankan.

Ọmọbìnrin aládùúgbò wa tó wà ní SS2 wò ó títí, ó ní, “Àǹtí, ẹ ò tíì pín in rárá, báwo lẹ ṣe mọ̀?” Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo ní kó fi 641 pín in fúnra rẹ̀, ó sì pín in tán láìṣẹ́ku.

Mo wá ṣàlàyé fún un pé ní 1878, Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, dín iṣẹ́ náà kù sí i: 128 ló yẹ kó rọ́pò 64. Nínú àwọn nọ́ńbà aláìṣeépín tó ṣẹ́ 1 kù bẹ́ẹ̀, 257 ló kọ́kọ́ wà, ó sì ṣẹ́ 2 kù nínú nọ́ńbà wa. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 641.