Ọjọ́ Tí Síìlì Bọ́ Mi Ní Bàtà

Fọ́tò òde àríyá ni mo mọ̀ ọ́n yà. Bí àwọn ọmọ wa bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà ní Newcastle tàbí ní Gateshead, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, èmi ni wọ́n máa ń pè. Mo mọ ibi téèyàn ń dúró sí tí gèlè ìyá ìyàwó ò fi ní bo ìyá ọkọ lójú. Mo mọ ẹni tó fẹ́ náwó kó tó ki ọwọ́ bọ àpò. Òkun ò sí nínú àdéhùn wa rárá.

Bùọ̀dá Rẹ̀mí ló fà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀, eyín ni wọ́n ń tọ́jú fáwọn èèyàn. Bó bá di Sátidé, wọ́n á gbé sílíńdà atẹ́gùn kọ́ ẹ̀yìn, ó di inú Òkun Àríwá. Àǹtí, ìyàwó wọn, ti gbààwẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn lórí títí, wọ́n ti jáwọ́.

Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ tàn mí. Nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Donna Nook, ní etíkun Lincolnshire. Ibẹ̀ ni àwọn síìlì aláwọ̀ eérú, ẹran òkun tó ní lẹbẹ dípò ẹsẹ̀, ti ń bímọ lọ́dọọdún, láti òpin oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kejìlá, ọmọ tí wọ́n ń bí síbẹ̀ lọ́dún kan sì ti lé ní 2,000. Ilẹ̀ àwọn ọmọ ogun òfurufú ni, ibi tí wọ́n ti ń dánra wò láti ju bọ́ǹbù, síìlì ò tiẹ̀ bìkítà. Wọ́n fi ọgbà onígi ya èèyàn sọ́tọ̀, ìdí ọgbà yẹn lẹ máa dúró sí, wọ́n á sì wọ́ wá bá yín. Iṣẹ́ fọ́tò ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo wọn nà gbalaja sórí ẹrẹ̀ bí àlejò tó ti jẹ iyán yó níbi ìkómọjáde, tó kàn ń dúró kí wọ́n pín ike àti abọ́ kó máa lọ sílé. Àwọn ọmọ wọn funfun báláú, ojú wọn dúdú, ó tóbi. Wàrà ìyá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ọ̀rá, ọ̀rá inú rẹ̀ lè tó ìdá 60 nínú 100, nítorí náà ọmọ ń fi nǹkan bíi kìlò 2 wúwo sí i lójúmọ́. Ìyá ọ̀hún ò ní fẹnu kan nǹkan kan títí á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 3. Ọmọ ń sanra, ìyá ń rù, gbogbo ẹ̀ ń ṣojú èèyàn.

Kìkì ohun tó fẹ́ yọ mí lẹ́nu ni awọ funfun yẹn. Kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sọ ọmọ náà di eléérú ṣáájú àsìkò. Mo fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀, ó parí. Ṣé kì í ṣe aṣọ ìyàwó ni mo ń yà láti ọjọ́ yìí?

Lórí ilẹ̀, bí o bá ti jìnnà sí síìlì, kò rí ọ mú. Kò lè rìn. Ikùn ló fi ń wọ́, a wọ́ díẹ̀, a sinmi, a tún wọ́. Kìnnìún òkun, ìbátan síìlì, lẹ́ran tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù. Ìyẹn ní etí tó yọ síta, ó lè ká lẹbẹ ẹ̀yìn sábẹ́ ara kó fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Àbúrò mi kan wà ní San Francisco tó máa ń fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi láti Pier 39. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni wọ́n ti gba ibi tí àwọn olówó ń so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́ níbẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń ké, kò sẹ́ni tó lé wọn títí dòní. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn ti ọ̀dọ̀ wa níbí ọmọlúàbí ni wọ́n.

“Àkànní,” Bùọ̀dá ní, bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, “ìwọ tó o lè ya ogójì obìnrin nínú aṣọ ẹbí kan náà kí ẹnì kankan má dijú, ṣé síìlì ló máa wá ṣòro fún ẹ nínú omi?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sílíńdà rì sábẹ́ omi, nínú adágún kan tó tutù, tó sì ṣókùnkùn. Mo gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, a forí lé Seahouses ní Northumberland, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéèyàn lọ sí àwọn erékùsù Farne.

Ìmúra yẹn nìkan tó ìyà. Omi ibẹ̀ lásìkò yẹn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 13 lórí Celsius, nítorí náà aṣọ rọ́bà tí omi kì í wọ̀ lẹ máa wọ̀, tó fún ọrùn pinpin, tí atẹ́gùn wà nínú ẹ̀. Ẹ ó so òjé mọ́ ìbàdí. Ẹ ó de fìlà rọ́bà dúdú tó bo gbogbo orí àfi ojú. Bàtà ìlúwẹ̀ẹ́, rọ́bà gígùn tó fẹ̀ pẹrẹsẹ níwájú yẹn, ti Bùọ̀dá ni mo yá.

“Bùọ̀dá, ó tóbi o.”

“Ó máa bá ẹ mu. Omi á ràn án.”

Ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn pamọ́.

Òkun ń ru lọ́jọ́ náà. Mo dì mọ́ etí ọkọ̀, mo ń bì. Ìgbà yẹn gan-an ni Bùọ̀dá rí i pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ mi ní ìtàn. Wọ́n nawọ́ sí ilé iná pupa àti funfun tó ń darí ọkọ̀ lórí àpáta Longstone. “Ibẹ̀ ni Grace Darling gbé, Àkànní. Bàbá ẹ̀ ló ń tọ́jú iná. Ní 1838, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Forfarshire fọ́ sórí àpáta nínú ìjì. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 22 péré! Òun àti bàbá ẹ̀ wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n tù ú jáde, èèyàn 9 ni wọ́n gbà là.”

Mo gbójú sókè. Mo ní, “Ẹ bá wa wò ó bóyá wọ́n lè ṣe ẹ̀kẹwàá.”

Ọ̀gá ọlọ́kọ̀ ka òfin fún wa. Ẹ má lé wọn, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má fún wọn lóúnjẹ, ẹ má na ìka sítòsí ẹnu wọn. Ibi tí síìlì bá bù jẹ máa ń wú, ó máa ń kẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo oògùn ló ń gbọ́. “Ẹ dúró jẹ́jẹ́. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á wá.” Bùọ̀dá ní àwọn ti rí eyín wọn nítòsí rí, ó mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó sórí àga àwọn lọ.

Bí a ṣe dé ìdí àpáta, àwọn síìlì gbórí sókè, wọ́n wò wá láti òkè délẹ̀, wọ́n ń yọ́ bọ́ sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa náà bọ́ sí i. Omi ò jìn, bíi mítà 6, ó ní àwọ̀ ewé, koríko òkun gígùn-gígùn ń fì síwá sẹ́yìn nínú ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sí àárín àpáta, mo gbé kámẹ́rà sókè. Nínú omi, ẹ ò lè dúró lókèèrè ya nǹkan. Omi ń jẹ àwọ̀, pupa ló sì ń kọ́kọ́ jẹ. Ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ tó ń léfòó á tún gba iná fúláàṣì, á fi tótó funfun kún gbogbo fọ́tò. Lẹ́ǹsì tó ń rí ibi fífẹ̀ lẹ máa lò, ẹ ó na fúláàṣì méjèèjì jìnnà sí ẹ̀gbẹ́, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà á sì wà níbi tí ọwọ́ yín tó. Gbogbo èyí ni mo ṣe. Síìlì kankan ò yọjú.

Mo dúró. Síìlì máa ń mí atẹ́gùn síta kó tó rì, inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ló ń kó èyí tó máa lò pamọ́ sí, ó sì lè lo ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀. Èmi ń fa tèmi gbùẹ̀gbùẹ̀, ọwọ́ ojú aago sílíńdà ń sáré bọ̀ wálẹ̀.

Nǹkan fà mí lẹ́sẹ̀. Mo yíjú: koríko. Mo kọjú síwájú, ó tún fà mí. Mo yíjú, kò sẹ́nì kan. Bùọ̀dá wà lọ́ọ̀ọ́kán, omi ń hó lẹ́nu wọn wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Ọ̀kan wá yọ níwájú mi. Ọ̀dọ́ ni. Tótó dúdú wà lára ẹ̀ káàkiri, irùngbọ̀n ẹ̀ nà síwájú gan-an. Irun yẹn ló fi ń mọ ibi tí ẹja gbà kọjá bí òkùnkùn bá tiẹ̀ ṣú. Ihò imú ẹ̀ pa dé pátápátá, torí bí imú síìlì ṣe máa ń wà nìyẹn, àfìgbà tó bá fẹ́ mí ló ń ṣí i. Ó wo gíláàsì rọ̀bọ̀tọ̀ tó wà níwájú kámẹ́rà, ó rí síìlì kan nínú ẹ̀, ó lẹ imú mọ́ ọn. Mo tẹ kámẹ́rà: imú. Mo fà sẹ́yìn, ó tẹ̀ lé mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́: imú. Ó yípo, ó fi ìdí hàn mí, ó padà, ó lẹ imú. Bó bá jẹ́ òde àríyá ni, ǹ bá ti ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀,” àmọ́ rọ́bà ló wà lẹ́nu mi.

Ibi tí mo ti ń bá imú jà ni èyí tó wà lẹ́yìn ti pinnu. Kò bù mí jẹ o. Eyín iwájú ló fi mú etí bàtà, ó ń fà á, ó ń dẹ̀ ẹ́, ó tún ń fà á, pẹ̀lú sùúrù, títí okùn ẹ̀yìn fi yọ kúrò ní gìgísẹ̀ mi. Bàtà lọ. Ìgbà tí mo máa yíjú, ó ti gbé e sẹ́nu, ó ń wọ inú koríko òkun lọ. Méjì mìíràn sá tẹ̀ lé e, wọ́n ń jà á gbà.

Mo ní kí n lé wọn. Ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ẹsẹ̀ kan ò wọ̀: ojú kan ni mo ti ń pòòyì. Bí mo ṣe ń gbá omi, atẹ́gùn inú aṣọ sá lọ sí ìsàlẹ̀ ṣòkòtò, ẹsẹ̀ gba òkè lọ, orí wà nísàlẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní ohun tá a máa ṣe bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀: kéèyàn ká jọ, kó yí. Mo ká jọ. Mo yí. Mo tún yí ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló kọ́kọ́ yọ lójú omi, ọ̀kan nínú bàtà, ọ̀kan nínú ìbọ̀sẹ̀ rọ́bà.

Ọ̀gá ọlọ́kọ̀ fi ọ̀pá oníkọ́ fà mí mọ́ra. Kò kánjú rárá. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, orí la máa ń kọ́kọ́ gbé jáde.” Àwọn tó wá wo erékùsù nínú ọkọ̀ kejì pàtẹ́wọ́ fún mi. Síìlì kan gbórí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, òun náà ń wòran.

Bùọ̀dá gòkè, wọ́n bọ́ gíláàsì lójú. “Àkànní, bàtà mi dà?”

“Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní omi á ràn án.”

“Omi ni mo sọ. N ò sọ síìlì.”

Títí dòní, bí mo bá délé wọn, Àǹtí á gbé ọbẹ̀ fún mi, Bùọ̀dá á bèèrè bàtà.

Mo kó fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà. Imú. Imú. Imú tó ṣú. Ìdí. Koríko. Bùọ̀dá ló ya kìkì èyí tó dára níbẹ̀: èmi àti síìlì kọjú síra, orí àwa méjèèjì dúdú, ó ń dán. Mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìbàdàn lórí WhatsApp, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ẹ wo ọmọ yín lábẹ́ òkun.”

Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. “Àkànní, ta lo wà pẹ̀lú ẹ̀?”

“Ẹran inú omi ni, Màmá.”

“Èwo nínú àwọn méjèèjì?”

Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí ló ń jẹ, mo ní ẹja. Wọ́n ní ṣé àwọn èèyàn ń jẹ òun náà, mo ní ó ti pẹ́ tí òfin ti ń dáàbò bò wọ́n níbí, láti 1914. “Pẹ̀lú gbogbo ọ̀rá tó o ní ó wà lára ẹ̀ yẹn?” Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní àwọn máa fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n bá wa bẹ Ọlọ́run kí n má bómi àjèjì lọ.

Wọ́n fi í ránṣẹ́ lóòótọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gé e, kí ojú mi lè hàn dáadáa. Ọmọ náà gé e. Èmi ló gé dànù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni àbúrò mi obìnrin fi ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ hàn mí. Àmín kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹnì kan ní, “Ẹ kú oríire, ọmọ yín ti sanra, ìlú òyìnbó gbà á.” Ẹlòmíì ní kí n jọ̀ọ́, kí n fá irùngbọ̀n. Ìyá Ìjọ fúnra wọn wá kọ ọ́ pé, “Ó mà jọ bàbá ẹ̀ o!”

Màmá mi fèsì pé, “Imú yẹn gan-an ni.”