Base64 ò bo àṣírí o

Tó o bá ń lo Kubernetes, ètò tó ń bójú tó àwọn app lórí ọ̀pọ̀ sáfà, wàá ti rí i rí, o fẹ́ mọ páswọ́ọ̀dù tó wà nínú Secret kan, ìyẹn ibi tó ń kó ohun àṣírí sí, o ṣí fáìlì YAML ẹ̀, cGFzc3dvcmQ= lo bá níbẹ̀, base64 ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn ọ̀nà kan tá a fi ń sọ dátà di lẹ́tà, ojú lásán ò lè kà á. Ìdí tí mo fi kọ script bash kékeré kan nìyẹn, á mú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ data, á fi base64 -d tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá tún èyí tí mo fẹ́ ṣe, á sì dì í padà.

Ibi dídì yẹn gan-an ni wàhálà wà. Tó o bá kọ echo password | base64, echo á ti fi ìlà tuntun sí ìparí ọ̀rọ̀ náà kó tó dé ọ̀dọ̀ base64, ohun tó máa jáde ni cGFzc3dvcmQK, ṣé o rí K tó wà níparí dípò =? App á wá gbé ìlà tuntun yẹn mọ́ páswọ́ọ̀dù lọ bá database, database á ní irọ́ ni, ìwọ á máa wò ó nínú tẹ́míná, o ò ní rí ohun tó yàtọ̀. printf '%s' ni kó o lò, kì í fi ìlà tuntun kún un. Tí ọ̀rọ̀ náà bá gùn, base64 orí Linux máa ń gé e sí ìlà tuntun lẹ́yìn lẹ́tà 76, torí náà fi -w0 sí i.

Jọ̀ọ́, má kọ páswọ́ọ̀dù tẹ̀ lé orúkọ script rárá. Ó máa wọnú history, níbi tí tẹ́míná ń tọ́jú àwọn àṣẹ tó o ti tẹ̀, ẹlòmíì tó wà lórí sáfà kan náà sì lè fi ps, àṣẹ tó ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ hàn, rí i. read -s, tí kì í fi ohun tí mo bá tẹ̀ hàn, ni script tèmi fi ń gbà á.

Ohun tó ká mi lára jù ni àwọn tó ń rí lẹ́tà rúdurùdu yẹn tí wọ́n rò pé wọ́n ti tì í pa. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan nínú base64, báìtì mẹ́ta ló ń sọ di lẹ́tà mẹ́rin, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ, ẹnikẹ́ni ló lè tú u. Kódà etcd, ìyẹn database tí Kubernetes ń kó Secret sí, kì í tì wọ́n àfi tí ẹni tó ń bójú tó cluster, ìyẹn àkójọ sáfà náà, bá ṣètò ẹ̀. Tó o bá máa gbé e sí Git, tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà fáìlì, lo sops pẹ̀lú age, àwọn irinṣẹ́ tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ pa, ó máa fi orúkọ sílẹ̀ ní kíkà, páswọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló máa tì. Tí èyí tó o fi base64 dì bá ti wọ Git, pípa fáìlì rẹ́ ò tó, ó ṣì wà nínú commit àtijọ́, ìyẹn ẹ̀dà tí Git ti tọ́jú, páswọ́ọ̀dù yẹn ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀.